Kílíìpù Òṣùpá Tó Tẹ̀: Ohun Tó Ń Ṣe sí Rìfọ́fà Kékeré

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ irin, ẹ̀yin ìyá wa tó jókòó lápá ọ̀tún, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín. Ìbéèrè tó gbé mi dìde lónìí, òkèèrè ló ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Kaduna ní àbúrò kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ará ìlú láàyè láti ní ìbọn ìléwọ́. Àbúrò náà ra rìfọ́fà kékeré oníhò márùn-ún kan, ìyẹn ìbọn tí ọta rẹ̀ ń wà nínú irin roboto tó ń yí, tí a ń pè ní sílíńdà; ọta 9mm ló ń lò, ó sì ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn ìbọn náà máa ń ṣòro fà, nígbà mìíràn hámà rẹ̀ yóò lu ọta, ọta kò sì ní yìn. Ó fura sí ìbọn, ó fura sí ọta, kí ẹnì kan tó ní kí ó wo irin pẹlẹbẹ tó so àwọn ọta náà pọ̀, tí a ń pè ní kílíìpù òṣùpá, dáadáa. Ó wò ó, ó sì rí i pé ó ti tẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé ọjà irin Panteka níhìn-ín ló ti ń jẹun, bóyá àwa lè sọ bí òun yóò ṣe nà án.

Ìdáhùn mi, tí n ó fi ìyókù ọ̀rọ̀ yìí ṣàlàyé, ni pé ọwọ́ tó lè nà án wà láàárín wa dáadáa, ṣùgbọ́n nínà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ti mọ́ àwa tí a dàgbà sí ìdí irin ní ìlú yìí lára pé kò sí irin tó wọ́ tí a kò lè dá padà. A ń na rímù ọkọ̀, a ń na ọ̀pá ìdarí alùpùpù, a ń na ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ gbá, gbogbo wọn sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Kílíìpù òṣùpá kò sí lára wọn. Àwọn tó ń lò ó gan-an ni wọ́n sábà máa ń ṣi ohun tó jẹ́ mọ̀: wọ́n rò pé ohun tí a fi ń kó ọta jọ lásán ni, bẹ́ẹ̀ apá kan lára ìbọn ni, tó ń sọ ibi pàtó tí ìdí ọta kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Kì í ṣe agbára rẹ̀ ni ìbọn ń lò bí kò ṣe ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n náà sì kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀, ka rìfọ́fà àti písítù mọ́ àwọn ohun ìjà èèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Òfin kan náà ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa rọ ìbọn tàbí kí ó máa tún un ṣe níbi tó bá wù ú. Díẹ̀ lára ẹ̀yin àgbà tó wà níbí ti ṣiṣẹ́ rí ní ibi tí ìjọba ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pàápàá ní DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Kaduna yìí ní ọdún 1964, ẹ sì mọ bí ìlànà ibẹ̀ ṣe rí. Ìmọ̀ irin ni mo wá sọ, kì í ṣe ọjà tuntun ni mo wá polówó.

Ọta rìfọ́fà tí gbogbo ayé mọ̀ jù, bíi .38 Special, ní etí tó yọ síta yí ìdí rẹ̀ ká. Etí yìí ló ń dá ọta dúró lẹ́nu ihò kí ó má baà rì wọlé, òun náà sì ni irin onírìísí ìràwọ̀ tó wà láàárín sílíńdà máa ń gbá mú nígbà tí a bá fẹ́ ti àwọn èèpo ọta tó ti yìn jáde. Ọta písítù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta 9mm, tí Georg Luger gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1902, kò ní etí tó yọ síta. Kòtò tóóró kan ni wọ́n gé yí i ká lókè ìdí rẹ̀, kí ó lè tò dáadáa nínú màgásíìnì. Bí a bá ki irú ọta bẹ́ẹ̀ sínú rìfọ́fà, ìràwọ̀ kò ní rí ohun tí yóò gbá mú, èèpo yóò sì jókòó sínú ihò títí a ó fi wá nǹkan tì í jáde. Kílíìpù òṣùpá ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Irin roboto pẹlẹbẹ ni, ó ní ihò láàárín, wọ́n sì gé etí rẹ̀ sí ẹnu márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí kòtò ìdí ọta kọ̀ọ̀kan lè há sí ẹnu tirẹ̀. Gbogbo ọta yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo èèpo yóò sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ogun ló bí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917 ni Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, písítù M1911 tí àwọn ọmọ ogun wọn ń lò kò sì kárí. Ìjọba wọn bẹ Colt àti Smith & Wesson pé kí wọ́n ṣe rìfọ́fà ńlá tí yóò lo ọta .45 ti písítù náà, wọ́n sì ṣe é tó lé ní 300,000 lápapọ̀. Joseph Wesson ti Smith & Wesson ló gbé irin olóṣùpá ààbọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń gba ọta mẹ́ta, tí méjì rẹ̀ sì ń kún sílíńdà kan; ti odidi òṣùpá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kàn wá jù nínú ìtàn yìí ni bí ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe lu ihò sílíńdà wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Colt lu ihò tirẹ̀ gbọọrọ láìfi èjìká, ìyẹn ibi tí ihò ti há díẹ̀, sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí kílíìpù kò bá sí níbẹ̀, ọta yóò yọ́ lọ síwájú kọjá ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta kí ó lè yìn lè dé. Smith & Wesson fi èjìká sínú ihò tirẹ̀, ẹnu èèpo sì ń fẹsẹ̀ ti èjìká náà, nítorí náà ìbọn tirẹ̀ lè yìn láìní kílíìpù. Nínú ti Colt ìṣáájú yẹn, irin pẹlẹbẹ kékeré náà nìkan ló dúró láàárín ọta tó yìn àti ọta tó kọ̀. Ní ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ Peters wá gbé ọta .45 Auto Rim jáde, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí etí rẹ̀ nípọn gan-an kí ó lè dí àyè tí kílíìpù ì bá dí. Ẹni tó bá wo etí ọta yẹn yóò rí i pé àwọn tó rọ ọ́ mọ̀ dájú pé ìnípọn ni iṣẹ́ kílíìpù.

Àwọn rìfọ́fà kékeré dé lẹ́yìn náà. Smith & Wesson gbé 940 jáde ní ọdún 1991, Taurus ní 905, Ruger sì gbé LCR oní-9mm jáde ní ọdún 2014, ìbọn oníhò márùn-ún tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 490 lọ. Inú àpò tàbí lábẹ́ ẹ̀wù ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń gbé, inú àpò kejì sì ni kílíìpù àfikún ń gbé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó ẹyọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ irin fúnra rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kòtò tó wà ní ìdí ọta 9mm tóóró, irin tó máa wọ inú rẹ̀ kò sì lè nípọn. Ọ̀pọ̀ kílíìpù tí à ń sọ yìí ni kò tó mìlímítà kan. Ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹpánù mọ òfin tó wà nídìí rẹ̀, bí ẹ kò tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rí: agbára tí irin pẹlẹbẹ fi ń kọ̀ láti tẹ̀ kò bá ìnípọn rẹ̀ rìn ní ọgbọọgba. Bí ẹ bá dín ìnípọn kù sí ìdajì, agbára náà kò ní dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni yóò ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́wàá mìlímítà mélòó kan tí wọ́n yọ kúrò kí irin lè wọ kòtò ọta kékeré ti gba ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ lọ. Ẹ tún fi kún un pé sílíńdà rìfọ́fà kékeré tóbi díẹ̀ péré, àwọn ihò rẹ̀ sì súnmọ́ra, tó fi jẹ́ pé irin tó ṣẹ́ kù láàárín ẹnu kan àti èkejì kò fẹ̀ rárá. Nídìí àwọn apá tín-ín-rín wọ̀nyí ni kílíìpù ti máa ń tẹ̀.

Àwọn kan rò pé líle irin lè tún èyí ṣe. Wọ́n ń sọ pé kílíìpù tí wọ́n fi irin sípíríǹgì ṣe, tí wọ́n sè nínú iná tí wọ́n sì rì sínú epo, kò lè tẹ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Irin tí a sè àti irin tí a kò sè, bí ìnípọn wọn bá dọ́gba, bákan náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ tì wọ́n. Iná àti epo kò fi ohunkóhun tó ṣe gúnmọ́ kún ìyẹn. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé irin tí a sè lè tẹ̀ jìnnà gan-an kí ó tó gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí kílíìpù bá tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò yín tó sì padà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Èyí tó bá kọjá ààlà tí kò sì padà ló bàjẹ́, ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì sì lè má ju ìnípọn bébà méjì lọ.

Kí ló ń tẹ̀ ẹ́? Àpò ni àkọ́kọ́: ẹni tó bá jókòó lórí kílíìpù tó ní ọta nínú ti sọ ọta kọ̀ọ̀kan di ọ̀pá ìgbá-nǹkan-dìde, nítorí pé ọta gùn ju ẹnu irin tó há a lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìwọ̀nba agbára tó bá sì kan orí ọta yóò di agbára ńlá nídìí rẹ̀. Ìkejì, tó sì burú jù lójú tèmi, ni bí a ṣe ń yọ èèpo kúrò. Lẹ́yìn tí ọta bá ti yìn, èèpo rẹ̀ ṣì há sínú kílíìpù, ó sì há dáadáa. Ẹni tí kò ní ohun èlò yóò fi ìka yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ìka bá ti kọ̀, yóò fi pùláyà fà á tàbí kí ó ki ẹnu sukudíráfà bọ̀ ọ́ lábẹ́ kí ó sì gbé e sókè. Gbogbo agbára tó fi gbé èèpo sókè yẹn, ẹnu kílíìpù ló gbà á, ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí irin pẹlẹbẹ kò ti lè jà. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí jẹ́ páìpù kékeré tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kan. A ó fi í wọ èèpo, a ó sì yí ọwọ́, èèpo yóò sì já kúrò ní ẹ̀gbẹ́, ní ipele kan náà tí irin tẹ́ sí, láìgbé irin náà sókè. Èyíkéyìí nínú ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ léèdì lè lóye ohun èlò náà ní wíwò ẹ̀ẹ̀kan. Irú rẹ̀ wà fún títi ọta wọlé pẹ̀lú.

Ìkẹta ni ilẹ̀. Nínú ìdíje ìbọn yíyìn, kílíìpù tó ti ṣófo máa ń bọ́ sórí kọ́ńkéréètì, ẹsẹ̀ sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìdíje náà kò lè fi kílíìpù sílẹ̀, nítorí kò sí ohun tó yá jù ú lọ fún rìfọ́fà: Jerry Miculek, ará Amẹ́ríkà tí gbogbo àwọn onídìíje mọ̀, yin ọta mẹ́fà, ó tún ìbọn rẹ̀ kì, ó sì yin mẹ́fà mìíràn ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.99 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, rìfọ́fà .45 oníkílíìpù òṣùpá ló sì lò. Àmọ́ kílíìpù .45 nípọn ju ti 9mm lọ, ìbọn rẹ̀ sì tóbi. Ẹni tó bá gbé àṣà ìdíje wá sórí ìbọn àpò yóò rí iyàtọ̀.

Nígbà tí kílíìpù bá ti tẹ̀, ọ̀nà méjì ni ìbọn máa ń gbà sọ ọ́. Bí ẹnu kan bá tẹ̀ sẹ́yìn, ìdí ọta tó wà níbẹ̀ yóò yọ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò sì máa ha ògiri irin tó wà lẹ́yìn sílíńdà. Àyè tó wà níbẹ̀ kéré gan-an. Fílà gééjì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn ẹnu pílọ́ọ̀gì ni a fi lè wọ̀n ọ́n. Nínú irú rìfọ́fà bẹ́ẹ̀, ìka kan náà tó ń fa ìfà ìbọn ló ń gbé hámà sẹ́yìn, òun náà ló sì ń yí sílíńdà, nítorí náà gbogbo híha tó bá wà lẹ́yìn ọta, ìka ni yóò ru ú. Ẹni tó ń fà á yóò rò pé sípíríǹgì inú ìbọn ló le jù. Bí ó bá ti burú, sílíńdà kò ní yí mọ́, tàbí kí ó má tiẹ̀ ṣe é tì padà sínú ìbọn rárá.

Bí ẹnu náà bá tẹ̀ síwájú, ìdí ọta yóò jìnnà sí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yóò kan pùráímà, ìyẹn bàbà kékeré àárín ìdí ọta tó ń tanná sí ẹ̀tù, ṣùgbọ́n kò ní gún un jinlẹ̀ tó. Bí ihò sílíńdà bá ní èjìká, èjìká náà lè gba ọta dúró kí ìṣòro yìí má baà pọ̀, àmọ́ ohun kan wà tí èjìká kò lè dá dúró: irin tó tẹ̀ lè di ọta mú ní ibi tí kò yẹ, tí ìlù hámà yóò fi kọ́kọ́ ti ọta síwájú kí ó tó ráyè gún pùráímà. Agbára ti bá títì náà lọ. Ọta kò ní yìn. Bí wọ́n bá sì tún fà á lórí ọta kan náà, ó sábà máa ń yìn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìlù àkọ́kọ́ ti tì í dé ibi tó yẹ kó wà. Ìyẹn ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dá ẹni tó ta ọta lẹ́bi. Mo gbọ́dọ̀ sọ níbí pé ọta tó kọ̀ lè yìn lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀: kí ẹni náà di ìbọn mú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò léwu, kí ó dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ó tó ṣí i.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé kílíìpù ló jẹ̀bi? Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí gbogbo ọta tó lè yìn kúrò nínú yàrá náà. Lẹ́yìn náà, kí a gbé kílíìpù tó ṣófo lé orí gíláàsì tó tẹ́jú, kí a fi ìka tẹ etí rẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bí ó bá ń mì, ó ti lọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jin láàárín bí abọ́ lè jókòó sórí gíláàsì láìmì rárá, òun ló sì máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Fún ìyẹn, kí a gbé rúlà irin lé e lórí ní ìbú, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kí a wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá.

Àyẹ̀wò kejì ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé kílíìpù lè tẹ́jú nígbà tó ṣófo kí ó sì lọ́ nígbà tí ọta bá wọ̀ ọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ọta kì í gé kòtò ìdí ọta wọn bákan náà. Òmíràn gé e fẹ̀, òmíràn gé e há, èyí tó há yóò sì máa ti ẹnu kílíìpù kúrò ní ipò rẹ̀. Ọta ẹ̀kọ́, èyí tí kò ní ẹ̀tù tí kò sì ní pùráímà, ni kí a fi sínú rẹ̀. Kí a ti sílíńdà, kí a sì yí i díẹ̀díẹ̀, kí a máa fi tọ́ọ̀ṣì wo àyè tó wà láàárín ìdí ọta kọ̀ọ̀kan àti ògiri ẹ̀yìn. Àyè náà gbọ́dọ̀ dọ́gba fún gbogbo wọn. Bí ọta bá ń mì díẹ̀ nínú kílíìpù, kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. Mímì yẹn ló ń jẹ́ kí ọta márààrún rí ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kò bá mì rárá ni kí a fura sí.

Bí ọkàn kò bá tíì balẹ̀, kí a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára kílíìpù kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi àmì sí ẹnu kan lára rẹ̀ àti sí ihò kan lára sílíńdà. Bí ìṣòro bá ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu kílíìpù kan náà níbikíbi tí a bá yí i sí, kílíìpù ló jẹ̀bi. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ihò kan náà láìka kílíìpù tí a fi sí i sí, ìbọn ni kí a gbé lọ fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tún un ṣe.

Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń fi orúkọ kílíìpù bojú. Ẹyọ ẹ̀tù tí kò jó tán lè kó sí abẹ́ ìràwọ̀ irin àárín sílíńdà, kí ó gbé e sókè, kí sílíńdà sì há gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí kílíìpù bá tẹ̀; búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ló ń yanjú èyí. Nínú ìbọn fúyẹ́ fúyẹ́, ìgbọ̀n ìyìn ọta kan lè máa fa orí àwọn ọta yòókù jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èèpo wọn, títí orí ọta kan yóò fi yọ níwájú sílíńdà tí yóò sì dí i lọ́wọ́. Ọta 9mm tí a ṣe fún písítù ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé wọn kì í sábà fún ẹnu èèpo rẹ̀ mọ́ orí ọta gírígírí bí wọ́n ṣe ń ṣe ti rìfọ́fà. Nítorí náà kí a wo iwájú sílíńdà kí a tó wo ẹ̀yìn. Ẹni tó sì ti pààrọ̀ sípíríǹgì hámà sí èyí tó rọ̀ kí ìbọn lè rọrùn fà, kí ó kọ́kọ́ dá sípíríǹgì náà padà kí ó tó máa pe kílíìpù lẹ́jọ́.

Mo wá dé orí nínà. A lè fi fáìsì tẹ kílíìpù tó ṣófo láàárín irin méjì tó tẹ́jú, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n irin sípíríǹgì tó tẹ́ láàárín fáìsì kò tíì tọ́. Bí a bá tú fáìsì, yóò padà síbi tó wà, nítorí náà a ní láti tẹ̀ ẹ́ kọjá títọ́, kí ó baà lè padà sí títọ́, ta ló sì lè fi ojú wọn ìyẹn ní ẹnu márùn-ún tó so mọ́ra wọn? Bí a bá ṣe é tán, ibi tí irin ti lọ tó ti bọ̀ ti le ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì ti gbẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò sán níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò fi iná rọ̀ ọ́ kí ó tó nà án ti ba sísè tí wọ́n sè é jẹ́, ó sì ti sọ irin sípíríǹgì di páànù. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ti ń fi pùláyà nà án tí kò sì ṣe nǹkan kan, èmi kò bá wọn jiyàn pé ìbọn wọn yìn ní ọjọ́ yẹn. Ìbọn tí a ń gbé sápò nítorí ọjọ́ burúkú kọ́ ni ó yẹ kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ìdíje tàbí ìdánrawò ni ẹni tó bá fẹ́ nà án lè fi í mọ sí, kò sì gbọdọ̀ fi òòlù kan kílíìpù tí ọta gidi ṣì wà nínú rẹ̀ láé.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tó ṣófo, kí a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò àárín wọn kọjá, kí nǹkan kan má sì wúwo lé wọn. Àwọn tó ní ọta nínú, inú ike tó le ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú àpò ṣòkòtò lásán. Kílíìpù tí a fẹ́ gbé rìn, kí a ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ pẹ̀lú oríṣi ọta kan náà tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀, kí a sì yà á sọ́tọ̀ sí èyí tí a fi ń dánra wò.

Nígbà ìbéèrè, ọ̀gá wa kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ bi mí pé ṣé a kò lè gé tuntun fún ọmọ náà ní Panteka kí a fi ránṣẹ́, níwọ̀n bí irin sípíríǹgì ti wà tí ẹ̀rọ sì wà. Mo dá wọn lóhùn pé ohun tó bá jẹ́ apá ìbọn, òfin tí mo kà lẹ́ẹ̀kan ti dáhùn rẹ̀ ṣáájú mi, àti pé bí òfin kò tiẹ̀ sí, iye tí wọ́n ń ta tuntun lọ́hùn-ún kò tó owó ìfiránṣẹ́. Ìyá wa kan béèrè nípa èyí tí wọ́n fi ike ṣe. Ó wà fún àwọn ìbọn kan. Ó rọ̀, ó ń tẹ̀, ó sì ń padà, a sì lè fi ọwọ́ lásán yọ èèpo rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ máa ń gbó, ọta a sì máa já bọ́ kúrò nínú rẹ̀ bí ó bá ti pẹ́, nítorí náà òun náà nílò àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a ń wá lára rẹ̀ yàtọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kan ló béèrè ìkẹyìn, pé kí wá ni kí àbúrò náà ṣe sí èyí tó tẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó fi kọ́tà gé e sí méjì kí ó tó jù ú nù. Bí ó bá jù ú sínú dúrọ́ọ̀ lódindi, yóò tún bá a láàárín àwọn tó dára, ojú kò sì ní dá a mọ̀.